Ẹ ṣeun tí ẹ bá wa yẹ́ Bàbá sí: ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ẹbí lẹ́yìn ayẹyẹ àádọ́rin ọdún

Ẹ̀yin èèyàn wa, a kí yín kú ìnáwó, ẹ kú ìrìn, ẹ kú òjò. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá lẹ bá wa yẹ́ Bàbá wa sí. Wọ́n pé ẹni 70 ọdún, wọ́n sì fi ọjọ́ náà sọ fún gbogbo ayé pé àwọn ti kógbá òṣèlú wọlé. Ọjọ́ kẹrin rèé, ẹsẹ̀ Màámi ṣì wú nítorí ijó. Èmi àkọ́bí ni wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní kí àbúrò mi tó mọ̀wé jù mí lọ kọ ọ́, wọ́n ní rárá. Tí mo bá wá gbàgbé ẹnì kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí jì mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú, Badagry àti Makoko wá, ẹ ṣeun. Àwọn míì nínú yín gba ojú omi wá nínú òjò àárọ̀ yẹn, aṣọ ẹbí wà nínú ọ̀rá lórí yín bí ẹni ru ẹrù ọjà. Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja ọjà Olúwo, agbọ̀n ẹja yíyan mẹ́ta lẹ gbé kalẹ̀, ẹ ò sì jẹ́ ká san kọ́bọ̀. Ọlọ́run yóò fi èrè sí ọjà yín. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ Bàbá láti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó ní Aláúsá, ẹ kú àpọ́nlé. Ẹ jókòó sí tábìlì kan náà láìwo ti ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára yín jà nídìí àmàlà lẹ́ẹ̀kan ni. Àlùfáà àti pásítọ̀ tí wọ́n gbàdúrà, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà.

Nípa ti àdúrà yìí, mo ní láti tọrọ àforíjì. Nígbà tí ìyá àgbà kan ń súre pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, tí gbogbo yín ń ṣe àmín, Bàbá bú sẹ́rìn-ín, inú sì bí àwọn kan. Kì í ṣe àrífín, Mà. Ọdún mẹ́jọ tí wọ́n fi wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ewé tó ń lékè omi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ̀ yín pé àwọn gba àdúrà náà tọwọ́ tẹsẹ̀, gbéborùn ló sọ sí àwọn lọ́kàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ò mọ gbéborùn, òun ni ewé aláwọ̀ ewé tó ń yọ òdòdó pọ́pù yẹn, tó máa ń bo ojú ọ̀sà lásìkò òjò títí ọkọ̀ ò fi ní rọ́nà gbà. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìlú rẹ̀. Ọdún 1984 ló gba odò láti ìhà Porto Novo wọ Badagry, kó tó tàn kálẹ̀. Orúkọ olófòófó tí wọ́n fún un bá a mu, torí kò sí ibi tí kì í dé. Ohun tí Bàbá fi ń jà nílé aṣòfin lórí rẹ̀ rọrùn láti lóye, àmọ́ ó pẹ́ kí wọ́n tó dá wọn lóhùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń gba ẹnu èbúté Èkó wọ inú ọ̀sà, iyọ̀ a sì pa ewé náà. Bí òjò bá dé, odò Ògùn àti àwọn odò yòókù a tú omi tí kò níyọ̀ sílẹ̀, gbéborùn a tún jí. Ọ̀sà Lẹ́kkí jìnnà sí ẹnu èbúté, iyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti máa ń le jù. Bàbá ní kí owó tí wọ́n fi ń kó o jáde tètè wá ṣáájú òjò. Tó bá pẹ́ títí òjò fi lọ, tí ẹ̀ẹ̀rùn dé kó tó jáde, òkun ti bá wa pa á, kọngílá á wá gba owó iṣẹ́ tí òkun ṣe. Wọ́n sọ ọ́ nínú ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, àwọn kan rẹ́rìn-ín, kọngílá kan sì bínú. N kò ní dárúkọ rẹ̀ torí ó wá síbi ayẹyẹ, ó sì náwó.

Ẹ tún jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin apẹja òkun, ẹ̀yin tí ẹ fi sáà àkọ́kọ́ bínú sí Bàbá. Mo rántí alẹ́ tí ẹ kún àgbàlá wa, tí ẹ gbé àwọ̀n tó ti fàya jù sílẹ̀, tí ẹ ní ọkọ̀ ńlá ló wọ́ ọ lóru. Ẹ ní kí Ọnọ́rébù ṣòfin. Bàbá ní òfin wà nílẹ̀. Láti 1992 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti fi máìlì òkun 5 láti etíkun sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń lo ọkọ̀ kékeré, ó lé ní kìlómítà mẹ́sàn-án, ọkọ̀ ńlá kò gbọ́dọ̀ fa àwọ̀n níbẹ̀. Ohun tí kò sí ni ẹni tó máa ṣọ́ ọ lóru. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sì gbé ẹja òkun fún Àbújá, ẹja odò, ọ̀sà àti adágún nìkan ni ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lé lórí. Ẹ ò gbà. Ẹnì kan nínú yín pariwo pé Bàbá ti gba rìbá. Màámi kò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Èmi gan-an rò pé ìpín tí wọ́n pín omi yìí kò bójú mu. Edé ńláńlá tí ẹ ń tà lówó gọbọi, òkun ni wọ́n ti ń yé ẹyin rẹ̀, ọmọ rẹ̀ a wọ ọ̀sà wá dàgbà, á tún padà sókun. Ta ló ni ín nígbà náà, Àbújá àbí Aláúsá? Bàbá ń kọ lẹ́tà sí Àbújá títí sáà wọn fi parí. Ẹ̀dà rẹ̀ kún àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Èsì ibẹ̀ kò ju méjì lọ.

Ẹni tí mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù wà níbi ayẹyẹ náà, ọ̀pọ̀ yín ò sì mọ̀ ọ́n. Bàbá kúkurú kan ni, tó wọ bùbá funfun, tó gbé nǹkan tí wọ́n fi àpò ìrẹsì dì sí àyà.

Nígbà tí Bàbá gbé àbá òfin tó fẹ́ fòpin sí àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tó ń kó ọmọ ẹja wá sí ìpàdé ìtagbangba nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan, wọ́n da abọ́ ẹja òbòkún sórí tábìlì. Èmi ni mo gbé abọ́ náà lọ́jọ́ yẹn. Kò sí èyí tó gùn tó ìka mi nínú wọn. Bàbá bi àwọn ìyá ẹlẹ́ja pé èló ni gbogbo rẹ̀ lónìí, wọ́n ní kò tó owó ọṣẹ. Bàbá ní tí a bá fi í sílẹ̀ nínú omi kó dàgbà ńkọ́? Gbogbo gbọ̀ngàn ń mi orí. Bàbá kúkurú yìí wá dìde. Ó ní, "Ọnọ́rébù, kí ẹja tó dàgbà yẹn, kí ni kí àwọn ọmọ mi máa jẹ?"

Bàbá wa, tí kì í ṣaláì fèsì, kò fèsì. Wọ́n kàn jókòó. Nígbà tí a ń padà sílé, wọ́n ní kí n má tan rédíò.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni wọ́n tún àbá òfin kọ: a kì í gba àwọ̀n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìfún un ní òmíràn tí ojú rẹ̀ fẹ̀. Owó tó máa ná ìjọba nìyẹn, ibẹ̀ ló sì há sí. Ó kọjá ìkàwé kejì, sáà parí kó tó dé ìkẹta. Bàbá ò tíì dárí ji ara wọn lórí rẹ̀. Tí ẹ bá yìn wọ́n lórí ààrò ìyan-ẹja Chorkor tí wọ́n bá àwọn obìnrin wá láti Ghana, èyí tí kì í jẹ igi púpọ̀, tí kò sì jẹ́ kí wọ́n máa gé igi ẹ̀gbà etí omi bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ àwọ̀n ńkọ́?

Ní Sátidé, nígbà tí onílù ti ń ki Bàbá, ọkùnrin yìí jáde, ó sì tú àpò náà. Àwọ̀n ni, tuntun, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi hun ún. Ó na ìka mẹ́ta, ó tì wọ́n bọ ojú àwọ̀n náà, wọ́n wọlé wọ́n jáde. Kò sọ̀rọ̀. Ó dà á bo Bàbá léjìká lórí agbádá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ara eré ni, tí ẹ ń ná owó mọ́ wọn lórí, owó yẹn ṣì há sínú àwọ̀n náà di òní. Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́.

Bàbá aláwọ̀n, a ò mọ orúkọ abúlé yín, ẹ ti lọ kí a tó gbé oúnjẹ fún yín. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kí i, ẹ ní oúnjẹ rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ìbànújẹ́ san án fún ara wa. Fìlà aláàárì kan, gíláàsì ojú kan àti bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ Màámi. Kúlà aláwọ̀ búlúù tó jẹ́ tiwa náà, ẹni tó gbé e lọ ṣèèṣì, ẹ dákun, ẹ dá a padà, ẹja ìyá ìyàwó mi wà nínú rẹ̀.