Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, kí lẹ ṣe fún un?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìròyìn.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé jáde, ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó rí nǹkan tó fẹ́ bàjẹ́ tí wọ́n sì panu mọ́ ni. Tí nǹkan ọ̀hún bá wá bàjẹ́ tán, ọ̀gá á máa pariwo pé ṣé kò sẹ́ni tó rí i ni? Wọ́n rí i kẹ̀! Wọ́n ti sọ ọ́ láàárín ara wọn títí ó fi sú wọn, ọ̀dọ̀ ọ̀gá nìkan lọ̀rọ̀ náà ò dé, torí gbogbo wọn rántí ohun tójú ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn rí.

Àwọn ọ̀gá míì fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ pé ilẹ̀kùn àwọn ṣí sílẹ̀, ẹni tó bá lọ́rọ̀ kó wọlé. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ilẹ̀kùn làwọn èèyàn ń wò, ẹni àkọ́kọ́ tó gba ibẹ̀ wọlé ni wọ́n ń wò, bó ṣe máa jáde. Tí ọ̀gá bá fi lè ní "ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ ni?", tàbí tó kàn fajú ro báyìí, kílẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú gbogbo ọ́fíìsì ti gbọ́, ó sì lè pẹ́ gan-an kẹ́lòmíì tó tún yọjú.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tenerife, erékùṣù kan ní Sípéènì, lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, tí bàálù ilé iṣẹ́ KLM lọ kọlu ti ilé iṣẹ́ Pan Am lórí ilẹ̀ nínú kùrukùru, tí èèyàn 583 kú. Ọ̀gá awakọ̀ KLM ti ń sáré láti gbéra, ẹnjiníà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ wá bi í pé ṣé bàálù Pan Am yẹn ò tíì kúrò lọ́nà ni, ọ̀gá ní ó ti kúrò, ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ọ̀gá yẹn kì í ṣe ẹni tí ò mọṣẹ́ o, òun ló tún ń kọ́ àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀, mo sì gbà pé ipò yẹn gan-an wà lára ohun tó jẹ́ kó ṣòro láti sọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. Látàrí irú jàǹbá báyìí, NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sọ́rọ̀ òfúrufú, pe ìpàdé lọ́dún 1979, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ inú bàálù láti la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ ọ̀gá náà bí wọ́n ṣe ń gbọ́rọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Challenger, ọkọ̀ tí NASA fi ń gbé èèyàn lọ sójú òfúrufú, torí níbẹ̀ wọ́n sọ̀rọ̀! Lálẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1986, àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Morton Thiokol, tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbé e gbéra, ní òtútù ti pọ̀ jù fún rọ́bà tó ń dí ojú ìsopọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí wọ́n má fò, àwọn ọ̀gá bá jókòó láàárín ara wọn, wọ́n yí i padà. Lọ́jọ́ kejì, ìṣẹ́jú àáyá 73 péré lẹ́yìn tí Challenger gbéra, ó fọ́ yángá lójú ọ̀run, àwọn 7 tó wà nínú ẹ̀ kú. Roger Boisjoly, ọ̀kan lára àwọn tó kìlọ̀, lọ jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀, ibi iṣẹ́ ẹ̀ wá pa á tì títí tó fi kúrò níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló rí ìyẹn tó tún máa fẹ́ la ẹnu?

Àwọn kan á ní táa bá gba òṣìṣẹ́ láyè báyìí, wọ́n á máa rí ọ̀gá fín. Mi ò gbà. Ẹni tó ń jalè tàbí tó ń sùn sẹ́nu iṣẹ́, ẹ bá a wí, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Amy Edmondson ti Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí àṣìṣe òògùn nílé ìwòsàn, ó rí i pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa ni àṣìṣe tí wọ́n kọ sílẹ̀ pọ̀ jù, ìdí ni pé àwọn yẹn lè sọ tiwọn síta. Nítorí náà ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́nì kankan ò mú àṣìṣe wá fún látọdún tó kọjá, ẹ má tíì yọ̀ o.

(Àpótí tí wọ́n ní kéèyàn máa ju ìwé sí láìkọ orúkọ, mi ò bú u, àmọ́ tó bá jẹ́ òun nìkan ni wọ́n fi ń gbọ́rọ̀, ẹ̀rù ti pọ̀ jù níbẹ̀ nìyẹn.)

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé ní mítíìnì, kí ọ̀gá jẹ́ káwọn ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ sọ tiwọn kóun tó sọ, torí tó bá ti sọ̀rọ̀ tán, "bẹ́ẹ̀ ni sà" ló kù. Kó má kàn béèrè pé ṣé ìbéèrè wà, kó ní kí ló wà nínú ètò yìí tó lè dà rú mọ́ wa lọ́wọ́? Tẹ́nì kan bá sì mú ìròyìn tí ò dáa wá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, kẹ́ ẹ sì padà bá a. Ibi tí wọ́n ti máa ń bà á jẹ́ nìyẹn, ọ̀gá á ní "mo ti gbọ́", oṣù á lọ, oṣù á bọ̀, ẹni tó sọ̀rọ̀ ò ní mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é tàbí wọn ò ṣe é. Tẹ́ ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ pè é, kẹ́ ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún un.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì