Iná ìléru kú, eruku òjé ṣì wà nílẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ àwọn abúlé tó wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòpatì, bí irú àwọn tó yí Ògijo ká ní ìpínlẹ̀ Ògùn, la fẹ́ sọ. Bí aráàlú bá pariwo èéfín títí, tí ìjọba wá fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́, gbogbo ènìyàn a máa rò pé ọ̀ràn ti bùṣe. Kò tíì bùṣe. Òjé kì í jẹrà, kì í sì í jóná tán. Ibi tó bá bà sí náà ló ń wà: orí páànù, ewé ẹ̀fọ́, abẹ́ ibùsùn, iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré.

Ooru 327 ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì ti tó láti yọ́ òjé, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ dúdú inú bátìrì kì í ṣe òjé pọ́ńbélé. Kí wọ́n tó lè sọ ọ́ di òjé, wọ́n ní láti dáná tó gbóná tó nǹkan bí 1,000, ooru yẹn ló sì ń gbé òjé lọ sókè bí oru. Tó bá kan atẹ́gùn tútù, a di eruku tó kúnná gan-an. Èyí tí kò ju máíkírómítà 2.5 lọ (máíkírómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mítà; irun orí kan nípọn tó nǹkan bí 70) ń gba imú kọjá dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tó tóbi jù ú lọ ń bà sílẹ̀ nítòsí, ẹnu sì ni ọmọdé ń gbà kó o jẹ. Ọ̀nà ẹnu yìí ló bà wá lẹ́rù jù, nítorí ohun tí ara ọmọ kékeré ń fà nínú òjé tó gbé mì tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà. Ọmọ tí oúnjẹ kò ṣara lóore tó a tún máa fà á ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri láti fi wọn eruku kò lè sọ ìtàn yìí. Ìmọ́lẹ̀ ló fi ń ka eruku, kò sì mọ òjé yàtọ̀ sí iyanrìn. Láàárọ̀ tí kùrukùru bá sọ̀, á ka omi mọ́ eruku. Nígbà ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ láti apá Chad á gbé nọ́ńbà rẹ̀ sókè. Bí òjò bá sì dé, nọ́ńbà á wálẹ̀, àwọn aláṣẹ á ní afẹ́fẹ́ ti mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ààlà eruku kíkúnná sí máíkírógíráàmù 5 nínú mítà oníhà mẹ́ta afẹ́fẹ́ kan fún ọdún, ṣùgbọ́n ti òjé nìkan jẹ́ 0.5. Nítorí náà, ẹ̀yin oníròyìn, bí wọ́n bá fún yín ní èsì afẹ́fẹ́, ẹ béèrè iye òjé lọ́tọ̀.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n ni pé kí ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ gba inú fílítà, ìyẹn asẹ́ tó ń dá eruku dúró. Bó bá ń fa lítà 16.7 ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí 24 á fún wa ní mítà oníhà mẹ́ta 24. A ó wọn fílítà kó tó lọ àti lẹ́yìn tó dé, nínú yàrá kan náà, kí ọ̀rinrin má bàa tan wá, a ó sì gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò láti ka òjé inú rẹ̀. Fílítà máa ń dí nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé á sì dínkù. Ẹni tí kò bá wo ìwọ̀n yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí á ṣe ìṣirò òdì. Òru ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń dáná, torí náà àyẹ̀wò ojúmọmọ nìkan kò wúlò. Atẹ́gùn ìgbà òjò ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn wá, ti ọyẹ́ ń ti àríwá ìlà oòrùn. Kí ẹ̀rọ wà ní ìhà méjèèjì iléeṣẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Thiaroye-sur-Mer lẹ́bàá Dakar, ní orílẹ̀-èdè Senegal, ní 2007 sí 2008 yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ọmọdé 18 ló kú níbi tí wọ́n ti ń tú bátìrì, tí àwọn ènìyàn sì ń jọ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ láti ṣa òjé tà. Ní Zamfara ní 2010, òkúta góòlù tó ní òjé ni wọ́n ń lọ̀ nínú agbo ilé. Àwọn ọmọ tó kú lé ní 400. Ilẹ̀ tí òjé rẹ̀ ju mílígíráàmù 1,000 nínú kílógíráàmù iyẹ̀pẹ̀ lọ ni wọ́n hú, tí wọ́n sì lọ sin ín.

Nínú ilé, ìgbálẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé jù sílẹ̀, torí ṣe ló ń dá eruku padà sókè. Aṣọ tútù àti ọṣẹ ni kí ẹ fi nu ilé, láti òkè wá sí ilẹ̀, pẹ̀lú garawa méjì: ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún fífọ aṣọ ìnulẹ̀. Ẹ má da omi náà sẹ́bàá kànga. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ amọ̀, ẹ wọ́n omi sí i dáadáa kí ẹ tó gbá a, títí ẹ ó fi rí sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Aṣọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ bá tàwọn ọmọ nínú ọpọ́n kan. Ẹ má sá láfún, èlùbọ́ tàbí ata síta gbangba. Omi òjò orí páànù kò ṣeé mu, ẹ má sì sè é pé ó ti mọ́: omi ló ń fẹ́ lọ, òjé ló ń kù sínú ìkòkò.

Kí wọ́n tó gún ọmọ níka fún àyẹ̀wò òjé inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, torí eruku orí awọ lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ náà, kí èsì sì ga lásán. Èsì tó bá ga, kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ iṣan tún un ṣe. Bó bá tó máíkírógíráàmù 5 nínú dẹsílítà ẹ̀jẹ̀ kan (ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà), kí wọ́n wá ibi tó ti ń wá. Bó bá tó 45, ọmọ kékeré nílò oògùn tó ń fa òjé jáde. Ṣùgbọ́n oògùn kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún ọmọ tó ń padà sínú eruku kan náà. Ní Bagega ní Zamfara, títí wọ́n fi tún ilẹ̀ ṣe ní 2013 ni ìtọ́jú àwọn ọmọ ń dúró. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa tó kó ọmọ lọ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n ti wá ibi tí ìyá àti ọmọ máa gbé títí wọ́n á fi hú ilẹ̀ agbo ilé wọn.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn wolé-wolé kan, ìpínlẹ̀ Ògùn