Àkànbí, bi ìyàwó rẹ lẹ́ẹ̀kejì

Àkànbí ọkọ mi,

Ohun tí o sọ lórí fóònù níjẹta ò kúrò lọ́kàn mi. O ní ìyàwó rẹ kì í sọ ohun tó ń dùn ún, àfi kó ṣáà ní "kò sí wàhálà."

Ọmọ mi, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ọkọ nìyẹn. Nígbà tí mo wọlé bàbá rẹ, àbúrò rẹ̀ tó kéré jù ṣì ń lọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ n kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. "Akọ̀wé" ni mo ń pè é, mo sì ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní "Ìdílẹ̀kẹ̀." Ọ̀wọ̀ ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mi ò lè dárúkọ, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé òun ló jí ẹran nínú ìkòkò mi?

Láyé àwọn ìyá wa ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ìyàwó a sun ẹkún ìyàwó lọ́jọ́ tó ń relé ọkọ, a tú gbogbo inú rẹ̀ síta, àgbàlagbà a sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Tó bá ti wọlé ọkọ tán, ó di kó máa fi orin sọ ọ́ nídìí odó. Má fojú di orin o! Orin wà lára ohun tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó jọ fi bá Aláké Adémọ́lá jà títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́ ní 1949. Wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn, kò sì sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tí yóò gbẹnu sọ fún wọn.

Ìwọ náà ńkọ́? Bí inú bá ń bí ọ, wàá yí rédíò sókè bíi ti bàbá rẹ, gbogbo ilé á sì máa yọ́ rìn. Bí ìyàwó rẹ bá ṣe irú ẹ̀, wọ́n á ní ó ń yan odì.

Tó bá tún ní kò sí wàhálà, pa tẹlifíṣọ̀n, jókòó tì í, kí o bi í lẹ́ẹ̀kejì. Bí èsì rẹ̀ bá korò, má sọ pé ẹnu rẹ̀ ti mú jù. Má sì rán àbúrò rẹ sí i.

Ìpàdé ẹbí ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì Iléyá. Mo ti bá àwọn obìnrin ilé sọ ọ́: ọbẹ̀ á ti jinná kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo wa lè jókòó síbẹ̀. Bá mi kí ìyàwó mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ