Ẹ Má Ta Ilé Ahoro Láìsí Owó Àtúnṣe

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú làálàá. Ọ̀rọ̀ ilé dọ́là kan ló mú mi kọ̀wé sí yín. Láti ọdún 2024 tí ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i pé òun yóò máa ta lára ilé àpatì tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ní dọ́là kan péré fún ẹni tó bá fẹ́ máa gbé inú rẹ̀, ariwo dọ́là kan yẹn ni gbogbo èèyàn ń pa. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó tí wọ́n fi ra ilé ló kéré jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Owó àtúnṣe ló ń gbé àdúgbò dìde, àti kí wọ́n ta ilé tó fara kan ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà fún àwọn tí yóò máa sùn níbẹ̀. Ìlú tó bá ta ilé ní pọ́ọ́kú tí kò ṣe méjèèjì yìí kàn ń gbé ẹrù ara rẹ̀ ru ẹlòmíràn ni.

Ẹni tí kò bá tíì wọ inú ilé tó ti ṣófo fún ọdún bíi mélòó kan lè máa rò pé ọ̀dà àti fèrèsé ló kù síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òkè ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Páànù tàbí síléètì kan á ṣí, òjò á bá ibẹ̀ wọlé, á rin igi òrùlé gbingbin títí tí yóò fi jẹrà. Àjà á já lu pákó ilẹ̀ òkè, òun àti pákó á jọ wó sísàlẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, àwọn olè á ti wọlé wá yọ páìpù kọ́pà àti wáyà iná lọ tà. Níbi tí ilé bá ti so mọ́ra, tó jẹ́ pé ògiri kan ló la ilé méjì, ọ̀rinrin á gba inú ògiri yẹn kọjá sí yàrá aládùúgbò tó ṣì ń gbé níbẹ̀, tó ń san owó orí rẹ̀ déédéé, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Irú ilé bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá fi tọrẹ, ó ṣì wọ́n.

Baltimore kúkú mọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ra ilé dọ́là kan gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun lè rí $90,000 fi ṣe àtúnṣe, kó sì gbé ilé náà fún ọdún 5. Báǹkì wo ni yóò yá òṣìṣẹ́ tó ń gbé ilé àyálégbé ní iye yẹn? Ní òpópónà tó ti dahoro, owó tí àtúnṣe ilé kan máa gbà sábà máa ń ju iye tí ilé náà lè mú wọlé lọ tí wọ́n bá tún un ṣe tán. Báǹkì ti ṣe ìṣirò yẹn kí ẹ tó wọlé, wọn ò sì ní yáni lówó lórí dúkìá tí kò lè san gbèsè ara rẹ̀. Ibi tí ìjọba gbọ́dọ̀ dá sí i gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1862, nígbà ìṣàkóso Abraham Lincoln, Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí wọ́n fún èèyàn ní 160 éékà ilẹ̀ tó bá lè gbé orí rẹ̀ fún ọdún 5 kó sì fi dáko. (Ilẹ̀ onílẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀, a ò gbọdọ̀ gbójú fo ìyẹn.) Wilmington ní ìpínlẹ̀ Delaware ló gbé irú ètò yẹn wá sí ìgboro lọ́dún 1973, Baltimore náà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún yẹn.

Àdúgbò kan wà nítòsí èbúté Baltimore tó ń jẹ́ Otterbein. Lọ́dún 1975, wọ́n ṣẹ́ gègé lórí ilé tó lé ní 100 níbẹ̀, dọ́là kan fún ilé kan. Ìlú náà fúnra rẹ̀ yá àwọn tí kèké mú lówó, èlé rẹ̀ kò sì gani lára. Ilé wọn kò jìnnà síra, nítorí náà ẹni tó ń lé páànù tirẹ̀ ń gbọ́ òòlù aládùúgbò rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé kì í ṣe àárín òkìtì àlàpà ni òun ń da owó òun sí. Lónìí, ilé kò rọrùn rà ní Otterbein. Kò yẹ ká fi bò pé ìlú ti kọ́kọ́ lé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò kí wọ́n tó pín in. Àléébù ńlá ni, ẹni tó bá fẹ́ wo àwòkọ́ṣe Otterbein kò gbọdọ̀ kọ́ ìyẹn.

Detroit ni kí ẹ fi wé e. Èèyàn bíi 1,850,000 ló ń gbé ibẹ̀ lọ́dún 1950. Lọ́dún 2020, wọn kò pé 640,000. Ìjọba Wayne County tí ìlú náà wà lábẹ́ rẹ̀ ń lu ilé tí wọ́n jẹ gbèsè owó orí lórí rẹ̀ ní gbàǹjo, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ láti $500. Àwọn tí kò fẹsẹ̀ tẹ Detroit rí jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń ra ilé jọ. Wọn kò tún un ṣe, wọn kò san owó orí, ilé náà á tún padà sí gbàǹjo ní jíjẹrà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ní ti Liverpool, ìjọba ló fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ilé di ahoro. Ètò kan tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002 ń ra ilé lọ́wọ́ èèyàn láti òpópónà kan dé òmíràn, ó ní òun fẹ́ wó wọn kọ́ tuntun. Ìjọba yí padà, wọ́n fagi lé ètò náà, àwọn ilé tí wọ́n ti kan pákó mọ́ fèrèsé wọn sì dúró bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó di 2013 ni káńsù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tí yóò ra 20 nínú wọn ní pọ́n-ùn kan kan. Ṣùgbọ́n ní Granby, àdúgbò kan ní Liverpool náà, àwọn aládùúgbò tó kọ̀ tí wọn ò kó lọ kò dúró de káńsù. Wọ́n kun pákó ojú fèrèsé, wọ́n gbin òdòdó sẹ́nu ọ̀nà ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀, wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa di ilẹ̀ mú fún àdúgbò, kí ilé tó wà lórí rẹ̀ má bàa bọ́ sọ́wọ́ aláṣejèrè. Wọ́n tún ilé 10 ṣe ní Cairns Street pẹ̀lú àwọn ayàwòrán ilé tí wọ́n ń pè ní Assemble, iṣẹ́ yẹn sì gba Turner Prize, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún iṣẹ́ ọnà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2015.

Lójú tèmi, Stoke-on-Trent, ìlú mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbọ́n jù. Lọ́dún 2013 kan náà, wọ́n kó ilé 33 jọ ní àdúgbò Cobridge níbẹ̀, pọ́n-ùn kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, káńsù sì fi ẹ̀yáwó tó lè tó £30,000 ti ilé kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn fún àtúnṣe, tí onílé yóò máa san díẹ̀díẹ̀. Wọn kò fi ẹni tó ra ilé sílẹ̀ fún báǹkì.

Àwọn kan á ní kò yẹ kí owó ìlú wọ inú ilé aládàáni. Ó ti ń wọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlú ló ń gbé panápaná lọ nígbà tí ilé ahoro bá gbiná, ìlú ló ń ro igbó ibẹ̀, ìlú náà ni yóò sanwó fún ẹni tí yóò wó o níkẹyìn, kò sì ní rí kọ́bọ̀ owó orí gbà nínú rẹ̀. Ẹ̀yáwó ní tirẹ̀ ń padà wálé.

Mo bẹ àwọn aláṣẹ ìlú yòówù tó bá ń gbèrò irú ètò yìí, kí wọ́n kọ́kọ́ yanjú ìwé ilé àti gbèsè tó wà lórí rẹ̀, kí ẹni tó rà á má bàa di èrò ilé ẹjọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé títà pé ilé tí kò bá rí àtúnṣe láàárín àsìkò tí wọ́n dá yóò padà sọ́wọ́ ìlú. Kí wọ́n sì fi lọ àwọn tó ṣì ń gbé òpópónà náà, onílé àti ayálégbé wọn, kí wọ́n tó kéde fún ará ìta.

Èmi ni òǹkàwé yín tòótọ́.