Lẹ́tà sí Káyọ̀dé: irinṣẹ́ fọ́ìlì tó bá omi Poole mu

Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú òtútù.

Pátákó lítà 75 tí o ní wọ́n ń tà ní gbàǹjo yẹn, tí o fẹ́ fi kọ́ wing fọ́ìlì (eré orí omi tí èèyàn ti ń di ìyẹ́ aláfẹ́fẹ́ mú lọ́wọ́, tí ìyẹ́ mìíràn lábẹ́ pátákó sì ń gbé e kúrò lójú omi), má rà á. Ìwọ tí o wọn kílò 85, bí o bá gun orí ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó gbé ọ, ńṣe ni yóò máa rì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Ẹni tó ń kọ́ wing fọ́ìlì a máa fi 30 sí 40 kún ìwọ̀n ara rẹ̀ láti mọ lítà tó tọ́ sí i. Tìrẹ di 115 sí 125 nìyẹn. Kí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 70, kó má baà máa dojú dé bí o bá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Àmọ́ má kó gbogbo owó sórí pátákó. Títí wàá fi gbéra lo nílò rẹ̀. Tó bá ti kúrò lójú omi, ìyẹ́ ìsàlẹ̀, fọ́ìlì yẹn, ló ń rù ẹ́. Kí ìyẹ́ iwájú tó 1,800 sí 2,000 cm², kó sì nípọn díẹ̀. Àwọn ìyẹ́ tóóró gígùn tí àwọn ọ̀gá ń lò dára, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ eré kí wọ́n tó gbé èèyàn, eré yẹn gan-an ni o ò tíì ní.

Ọ̀pá tó so ìyẹ́ mọ́ pátákó ni kí o fara balẹ̀ yàn, torí Poole Harbour, èbúté Poole ní gúúsù England, ò jìn. Lápá Sandbanks, nítòsí ẹnu èbúté náà, bí omi bá fà, ó lè má ju orúnkún lọ. Ọ̀pá sẹ̀ǹtímítà 85 yóò máa gúnlẹ̀ níbẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 60 sí 70 ni kí o mú. Bí ìyẹ́ bá gúnlẹ̀ lórí eré, pátákó á dúró gbọin, ìwọ á sì máa lọ. Akoto kì í ṣe fáàrí o.

Ojú irin méjì ló wà nídìí pátákó, mílímítà 90 síra wọn, tí síkúrúù mẹ́rin fi ń mú ọ̀pá. Kọ́kọ́ fi sí àárín. Bí imú pátákó bá ń ga ṣáá, tó o ń fi ẹsẹ̀ iwájú tẹ̀ ẹ́ títí itan fi ń ta ọ́, sún ọ̀pá sẹ́yìn, sẹ̀ǹtímítà kan péré. Bí kò bá fẹ́ gbéra rárá, sún un síwájú. Fi gírísì pa àwọn síkúrúù, kí o sì tú wọn tó o bá ti ṣe tán lọ́jọ́ náà, fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn wọ́n. Síkúrúù irin àti ọ̀pá alumíníọ̀mù kì í bára gbé nínú omi iyọ̀: wọ́n á jẹ ara wọn, wọ́n á lẹ̀ pọ̀, orí síkúrúù á wá bó mọ́ ọ lọ́wọ́.

Wing kan ṣoṣo, ìyẹ́ tí wàá dì mú lọ́wọ́, ni kí o kọ́kọ́ rà, 5.5 m², fún afẹ́fẹ́ tí eré rẹ̀ tó bíi 15 sí 20 knot. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ sí i lára ni kí o fẹ́ ẹ dé, psi (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀) 7 tàbí 8 ló sábà máa ń jẹ́. Tó o bá fi ìka ta iwájú rẹ̀, kó dún bí ìlù. Èyí tí kò kún dáadáa á ká nígbà tí afẹ́fẹ́ bá já lójijì, agbára á sì pòórá lọ́wọ́ rẹ.

Bó bá jẹ́ àlòkù ni, fi àtàǹpàkò tẹ àyíká ojú irin ìdí pátákó yẹn. Ibi tó bá rọ̀, omi ti wọlé síbẹ̀. Má ná an rárá.

Omi Poole máa ń pẹ́ ní kíkún, ìgbà yẹn ni kí o wọ̀ ọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ kúrò ní etí omi lọ sójú agbami, jókòó sílé. Má sì sún mọ́ ẹnu èbúté náà níbi tí ọkọ̀ ojú omi onísẹ́ẹ̀nì ti ń kọjá sí Studland ní òdìkejì: omi tó ń fà jáde níbẹ̀ lágbára ju wing rẹ lọ.

Bá mi kí ìyá àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Dàpọ̀