Ẹni tó ń wá olùkọ́ ìṣirò kiri kì í ṣe ọ̀lẹ

Olóòtú mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó bébà tó ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Lẹ́tà bàbá kan tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló mú mi gbé gègé. Bàbá náà ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì òde òní ti ya ọ̀lẹ, pé ọmọ ọmọ òun ń gbowó lẹ́sìnnì lọ́wọ́ òun nítorí kálíkúlọ́ọ̀sì, ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà, pé láyé tiwọn, ẹni tó bá ti wọ yunifásítì kò tún sanwó lẹ́sìnnì mọ́. Inú mọ́tò Mólété ni mo ti kà á, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ara mi gbóná, nítorí èmi tí mo ti pé ọdún mẹ́rìnlélógójì, tí mo bí ìbejì, mo ń sanwó lẹ́sìnnì. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ló sì ń kọ́ mi.

Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mò ń ṣe. Poli ni mo ti kàwé, láti 2006 ni mo sì ti ń tẹ̀lé àwọn sọ́féyọ̀ káàkiri Ìbàdàn. Mo ti ru ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé ẹ̀rọ lé, mo ti ri bíkìn, òpó ààlà ilẹ̀, mọ́lẹ̀ ní Apẹ̀tẹ̀, ní Olódó, ní Àkànrán, mo ti sá fún ọmọ onílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ bí a ṣe ń to ẹ̀rọ ló padà di ọ̀gá mi, torí pé wọ́n ní dìgírì. Ìyẹn ló gbé mi padà sílé ẹ̀kọ́, pátáìmù, ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé.

Níbẹ̀ ni mo ti kan kálíkúlọ́ọ̀sì oní-x-oní-y. Fún ẹni tí kò bá pàdé rẹ̀ rí: ti àkọ́kọ́ tí a ṣe ní ọdún kìíní, ojú títì kan ṣoṣo ni, ẹ lọ síwájú tàbí kí ẹ padà sẹ́yìn. Èyí, àárín pápá ni wọ́n já yín sí. Ibi tí ẹ bá kọjú sí ló máa sọ bóyá òkè lẹ̀ ń gùn tàbí ẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀. Ká ní wọ́n sọ ọ́ báyìí fún mi lọ́jọ́ kìíní ni, ǹ bá má jìyà tó bẹ́ẹ̀. Àmì kan bíi d tí wọ́n tẹ orí rẹ̀ wọ́ ni olùkọ́ kọ, ó kọ ọ́ kún pátákó méjì, ó lọ. A lé ní igba nínú gbọ̀ngàn. Mo gba 31. Mo tún un ṣe, mo gba 36.

Kí n tó ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, mo sanwó. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà, lẹ́sìnnì ọ̀sẹ̀ méjì, nínú yàrá kan lẹ́yìn géètì. Bí ọgọ́rin ni wá, fáànù kan ló ń yí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ wa á kọ past question sójú pátákó, á kọ ìdáhùn sábẹ́ rẹ̀, á ní ká há a sórí. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó béèrè pé kí ló dé tó fi gbé dx ṣíwájú dy, àwọn àmì tó ń sọ èyí tí a máa kọ́kọ́ ṣírò nínú x àti y, nígbà tó jẹ́ pé dy ló ṣíwájú nínú ìbéèrè. Ó ní, "Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn." Gbogbo wa kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìdánwò dé, wọ́n yí ìbéèrè náà díẹ̀, àkọ́sórí wá dà bí kọ́kọ́rọ́ ilé onílé lọ́wọ́ mi. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, mo fara mọ́ bàbá yẹn: irú lẹ́sìnnì bẹ́ẹ̀, ọ̀lẹ ló ń sọni dà.

Ìyàwó mi ló rí Tíṣà fún mi. Ọmọ ìyá aláàmàlà tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni, ìṣirò ló ń kà, ó wà ní ọdún kẹrin nígbà náà. Ìrọ̀lẹ́ Sunday ni a ń pàdé, nínú ṣọ́ọ̀bù àmàlà náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ ìkòkò. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni wákàtí kan. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní kí n gbé plan kan wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èyí tó bá ní kọ́ńtọ̀ lórí.

Kọ́ńtọ̀ ni ìlà tí a ń fà gba gbogbo ibi tí gíga wọn bá dọ́gba lórí ilẹ̀. Mo gbé plan ilẹ̀ kan ní Apẹ̀tẹ̀ wá, ilẹ̀ tí mo fẹsẹ̀ ara mi rìn. Ó fi ìka lé ibì kan lórí rẹ̀. "Dádì Ìbejì, tí ẹ bá dúró síbí, tí ẹ dojú kọ ìlà oòrùn tààrà, kí ló máa ṣẹlẹ̀?" Mo ka ìlà, mo ní tí mo bá rin mítà mẹ́wàá, máa sọ̀kalẹ̀ ní mítà kan. "Tí ẹ bá wá dojú kọ àríwá ńkọ́?" Mo ní máa gun òkè ní mítà méjì. Ó kọ ọ́ sínú ìwé mi: −0.1, 0.2. Ó ní partial derivative méjèèjì nìyẹn, pé tí a bá fi àwọn méjèèjì pa pọ̀, gradient nìyẹn, ọ̀nà tí òkè ti le jù láti gùn. Ó ní kí n fi ọfà fà á láti ibi tí ìka òun wà. Mo fà á. Ọfà náà gé kọ́ńtọ̀ ní 90 dígírì.

Mo dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ogún ọdún tó kù díẹ̀ ni mo ti ń sọ fún àwọn onílé pé omi máa ń gé kọ́ńtọ̀ kọjá gbọnrangandan ni, pé kí wọ́n má mọ odi dí i. Omíyalé Ògùnpa ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 gbé ṣọ́ọ̀bù bàbá mi lọ kí wọ́n tó bí mi. Omi yẹn kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnì kankan. Gradient ló mọ̀, ó kàn kọ ẹ̀yìn sí i ni.

Ọ̀rọ̀ dx àti dy tí wọ́n ní ká há sórí yẹn ńkọ́? Mo gbé ìbéèrè náà fún un: e, nọ́ńbà kan tó jẹ́ bíi 2.718, tí y onílọ̀ọ́po méjì wà lórí rẹ̀, y láti x dé 1, x láti 0 dé 1. Kò mú bírò. Ó ti ìka bọ omi ìfọwọ́, ó ya igun mẹ́ta sórí tábìlì, ó ní ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀n nìyí. Tí ẹ bá gé e lóòró, ẹ máa há, torí kò sí ìdáhùn tó ṣeé kọ sílẹ̀ fún irú e bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà tí a mọ̀. Tí ẹ bá gé e níbùú, gígùn ilà kọ̀ọ̀kan jẹ́ y, y yẹn gan-an ló máa tú u. Ó tú lóòótọ́: ẹ yọ 1 kúrò nínú e, ẹ pín in sí méjì. Kí n tó ṣe é tán, ìdajì igun mẹ́ta náà ti gbẹ lórí tábìlì, ó tún un yà. Ilẹ̀ kan náà ni o, ibi tí a ti tẹ́ téèpù ló yàtọ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò fọwọ́ kan irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ ya ilẹ̀ rẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Green, òfin ìṣirò kan tí wọ́n fi orúkọ George Green pè. Nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá mi àtijọ́, irinṣẹ́ kan wà tó ní apá méjì bíi kọ́ńpáàsì, planimeter ni wọ́n ń pè é. Jakob Amsler, ará Switzerland, ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1854. Ẹ máa fi ẹnu rẹ̀ tọ ààlà ilẹ̀ lórí plan títí ẹ ó fi padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, táyà kékeré ara rẹ̀ á sì sọ bí ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, oògùn ni mo pè é. Ẹni tí kò wọ inú ilé, báwo ló ṣe mọ bí yàrá ṣe fẹ̀ tó? Tíṣà ní theorem ti Green nìyẹn, pé ohun tí ẹ bá kà lẹ́bàá ààlà ló ń sọ ohun tó wà nínú. Ó ní àwa gan-an ń ṣe é nígbà tí a bá fi àwọn nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí bíkìn kọ̀ọ̀kan wà sọ ara wọn di púpọ̀ lákọjá, tí a yọ wọ́n kúrò nínú ara wọn, tí a pín in sí méjì. Òótọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ kì í lọ kí n má ṣe é.

Green fúnra rẹ̀, ọmọ oníbúrẹ́dì ni ní Nottingham, ọlọ ìyẹ̀fun ló ń bójú tó. Ilé ẹ̀kọ́ tó lọ ní kékeré kò ju bí ọdún kan lọ. Ó tẹ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ jáde ní 1828, ó wá wọ Cambridge ní 1833 lẹ́ni ogójì ọdún. Mo ti sọ ìtàn yìí fún gbogbo ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé.

Èdè Yorùbá ni Tíṣà fi kọ́ mi, ó kàn fi orúkọ gẹ̀ẹ́sì lé e lẹ́yìn tó bá ti yé mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tìṣirò-tìṣirò. Ohun kan ṣoṣo tó fún wa ní wàhálà ni pé kò lè sọ fún mi pé mo ṣì í. Á ní, "Dádì Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un wò." Mo ní kó máa sọ pé irọ́ ni. Ó gbà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta.

Mo gba 58. C ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí mo fi gbà á.

Kí bàbá yẹn bi ọmọ ọmọ rẹ̀ pé irú lẹ́sìnnì wo ló ń sanwó fún kó tó bú u. Kí àwọn yunifásítì wa náà wò ó: àwọn ọmọ ọdún kẹrin tó mọ iṣẹ́ yìí wà lábẹ́ òrùlé wọn. Kí wọ́n fún wọn ní yàrá, wákàtí méjì lọ́sẹ̀ àti owó díẹ̀, kí ẹni tó há lè rí ẹni tó máa jókòó tì í. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ojú ìwé mẹ́rin ni bọ́ọ̀lù ń gbà lọ́wọ́ yín. Ìdajì ojú ìwé kan péré ni mo ń tọrọ fún ìṣirò.

Tíṣà ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, theorem ti Stokes, ẹ̀gbọ́n ti Green, sì kù fún wa. Ó ní òun á máa kọ́ mi lórí WhatsApp. Mo ti bi í bí a ó ṣe máa fi omi ìfọwọ́ yàwòrán lórí fóònù, kò tíì dá mi lóhùn.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.