Lẹ́tà sí Bàbá James Ferguson, ará Saró ní Àgbádárìgì

Bàbá wa,

Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí. Tí wọ́n bá ń sọ bí ìjọ wa ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni wọ́n sábà máa ń mú bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Lójú tèmi, ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìyẹn, láti inú lẹ́tà tí ẹ kọ ní 1841.

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin ará Saró ni wọ́n ti kó lẹ́rú rí, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì já gbà lójú òkun, tí wọ́n sì kó lọ sí Freetown ní Sierra Leone, ibi tí a ń pè ní Saró. Ẹ kàwé níbẹ̀, ẹ di onígbàgbọ́, ẹ ṣòwò, ẹ wọkọ̀ padà wá sílé. Èbúté tí ẹ sì padà sí yìí, wọ́n ṣì ń ta ènìyàn níbẹ̀! Ibẹ̀ ni ẹ jókòó sí tí ẹ fi kọ̀wé sí àwọn aṣáájú Mẹ́tọ́díìsì ní Freetown, ẹ bẹ̀ wọ́n nítorí Kristi pé kí wọ́n tètè wá, kí ohunkóhun má dá wọn dúró àfi àìsàn. Omi máa ń bọ́ lójú mi tí mo bá rántí rẹ̀.

Freeman wá láti Cape Coast, ní ilẹ̀ Ghana òde òní, òun àti William de Graft pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Irú yín ni de Graft náà. Ó wà lára àwọn ọ̀dọ́ Fante tó fẹnu ara wọn tọrọ Bíbélì ní 1831, ohun tó fa Mẹ́tọ́díìsì wọ Cape Coast ní 1835 nìyẹn. Nígbà tí Freeman lọ kí Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, l'Ábẹ̀òkúta, tó padà wá ṣe Kérésìmesì, tó tún gba Dahomey lọ, de Graft ló dúró ti ìjọ. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé.

Igi Àgíyà, tí Freeman wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní Àgbádárìgì, wó ní 1959, wọ́n sì ti fi òkúta ìrántí síbẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Freeman ṣiṣẹ́, n kò ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn àgbà ìjọ ni pé, ní ọjọ́ ìrántí, kí wọ́n máa kọ́kọ́ pe orúkọ yín, kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé ẹni tí kì í ṣe àlùfáà ló ránṣẹ́ pe ìjọ wá.

Ọmọ yín nínú ìjọ